Kí ẹ tó tún san owó tíkẹ́ẹ̀tì odidi sáà

Ẹ̀yin ará Amẹ́ríkà, ó dà bíi pé wọ́n ti ń fi ìwé owó tíkẹ́ẹ̀tì fútúbọ́ọ̀lù yunifásítì (ti Amẹ́ríkà, kì í ṣe sọ́kà) ránṣẹ́. Kò sẹ́ni tó bi mí o, àmọ́ ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi.

Ẹ má wo iye ara tíkẹ́ẹ̀tì nìkan. "Ọrẹ" tí yunifásítì ń gbà lórí àga kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n tó jẹ́ kéèyàn ra tíkẹ́ẹ̀tì ibẹ̀, gan-an ló ń dá àpò lu. Tẹ́lẹ̀, èèyàn lè yọ ìdá 80 nínú 100 ọrẹ yẹn kúrò nínú owó tí ìjọba máa gba owó-orí lé. Láti 2018, òfin ti fagi lé e. Ẹ ro ó pọ̀ mọ́ owó páàkì àti epo ọkọ̀, kí ẹ wá fi iye ìgbà tí ẹ dé pápá lọ́dún tó kọjá pín in.

Èmi ṣe é lẹ́yìn àpòòwé kan. Nínú ìdíje 7, 3 péré ni mo lọ! Sátidé ni tiwọn, Sátidé náà sì ni òwàǹbẹ̀ tiwa. Aṣọ ẹbí ni mo wọ̀ nígbà tí wọ́n ń gbá èyí tí mo fẹ́ wò jù.

Tó bá jẹ́ pé ìdíje kan tàbí méjì lẹ fẹ́, ẹ ra ìyẹn nìkan lọ́wọ́ àwọn tó ń ta tiwọn. Ti àwọn ẹgbẹ́ kéékèèké ìbẹ̀rẹ̀ sáà kì í sábà wọ́n.

Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ àga tí ẹ fi ọ̀pọ̀ ọdún dúró dè ni, ẹ má sáré jù ú sílẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ béèrè ní ọ́fíìsì wọn bóyá ẹ lè dín àga 4 kù sí 2.