Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Bí A Bá Ń Fi Splay Tree Sọ Eré Tó Kàn Nínú Bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà

Splay tree, igi ìwákiri (ọ̀nà kan tí a fi ń to dátà sínú kọ̀ǹpútà kó lè tètè ṣeé rí) tí Daniel Sleator àti Robert Tarjan gbé jáde ní 1985, máa ń gbé ohun tí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wá nínú rẹ̀ lọ sí gbòǹgbò, ìyẹn òkè pátápátá igi náà. Ibẹ̀ gan-an ni àṣìṣe ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá ń wo gbòǹgbò kó tó sọ bóyá ẹgbẹ́ yóò ju bọ́ọ̀lù tàbí wọn yóò gbé e sáré, eré àná ló ń tún pè. Ohun tí a lò kẹ́yìn ló wà lókè, kì í ṣe ohun tó ṣeé ṣe jù. Wíwò lásán pàápàá ń yí igi padà: kọ́ọ̀ṣì yẹ ipò kan wò (ìgbìyànjú wo ni, yáàdì mélòó ló kù, ibo ni lórí pápá), ipò náà gòkè, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni ò tíì fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù. Kọ iye sínú nóòdù kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ojú kọ̀ọ̀kan nínú igi tó di ipò kan mú: ìgbà mélòó ni wọ́n jù ú, ìgbà mélòó ni wọ́n gbé e sáré, kí o sì máa sọ àsọtẹ́lẹ̀ láti inú iye yẹn. Iṣẹ́ igi kò ju kó tètè bá ọ rí i.

Má ṣe gé ipò wẹ́wẹ́ jù. Ìgbìyànjú 4, yáàdì 1 sí 10 tó kù, ojú ibi 99 lórí pápá: 3,960 ipò nìyẹn. Eré tí ẹgbẹ́ kan nínú NFL, líìgì bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, ń ṣe nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 17 ti sáà kan kò ju nǹkan bí ẹgbẹ̀rún kan lé díẹ̀ lọ, nítorí náà ọ̀pọ̀ nóòdù á ṣófo. Pín yáàdì sí 1–3, 4–6 àti 7 sókè, pín pápá sí mẹ́ta, ó di 36. (Ká sòótọ́, àtẹ lásán tó fún 36. Ìgbà tí o bá fi àmì ayò àti àkókò tó kù kún un ni igi ń wúlò, ó sì yẹ kí o fi kún un: ẹgbẹ́ tó ń pàdánù nígbà tí aago ń tán lọ á máa jù ú ṣáá ni.)

Nínú kóòdù, zig-zig, ọ̀kan nínú ọ̀nà tí a fi ń yí nóòdù lọ sókè, ló ń dá wàhálà sílẹ̀. Bí nóòdù àti òbí rẹ̀ (nóòdù tó wà lókè rẹ̀ gan-an) bá wà ní ẹ̀gbẹ́ kan náà, òbí ni kí o kọ́kọ́ yí gun orí òbí-àgbà, kí o tó yí nóòdù. Bí o bá ń yí nóòdù nìkan lọ sókè, igi tó gùn bí okùn á ṣì gùn bí okùn. Ìwákiri tí kò rí nǹkan náà gbọ́dọ̀ gbé nóòdù tó dé kẹ́yìn gòkè, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, á máa rin ọ̀nà jíjìn kan náà ní gbogbo ìgbà.

Bí o bá ń tọ́jú àpapọ̀ ẹ̀ka, ìyẹn àpapọ̀ iye nóòdù kan àti gbogbo èyí tó wà lábẹ́ rẹ̀, láti dáhùn “ìgbìyànjú kẹta, yáàdì 7 sókè”, lẹ́yìn yíyí, tún ti nóòdù tó sọ̀kalẹ̀ ṣe ṣáájú ti èyí tó gòkè. Bí o bá gbé e sódì, iye á yapa, kọ̀ǹpútà ò sì ní pariwo. Lẹ́yìn ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, fi àpapọ̀ gbòǹgbò wé iye eré tó wà nínú fáìlì.