Bí Mo Ṣe Tún Ọmọlangidi Ológun Action Man Kan Tò

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìsinmi kan, ní ọjà àlòkù tí àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù máa ń pàtẹ sí ẹ̀yìn ọkọ̀ wọn, mo rí àpò ọ̀rá kan tí orí, apá, ẹsẹ̀ àti ìgbáàyà ọmọlangidi kan wà nínú rẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, pẹ̀lú súwẹ́tà aláwọ̀ ewé, ṣòkòtò, bẹ́rẹ́ẹ̀tì, bàtà ológun àti ìbọn kékeré kan. Ìbọn náà ni mo kọ́kọ́ dá mọ̀. SLR ni, ẹ̀yà FN, ìbọn ológun ilẹ̀ Belgium, tí àwọn ọmọ ogun Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lò fún ọ̀pọ̀ ọdún, irú FN bẹ́ẹ̀ sì ni bàbá mi gbé nígbà ogun abẹ́lé Nàìjíríà, láti ọdún 1967 sí 1970. Ó ti tó ọdún mélòó kan tí mo ti ń kó ọmọlangidi ológun jọ, ṣùgbọ́n n kò tíì ní èyí tí ó gbé irú ìbọn yẹn rí. Mo sanwó láì ná an.

Kí n tó fọwọ́ kan ohunkóhun, mo fẹ́ mọ ọjọ́ orí rẹ̀. Àkọlé tí ó wà ní ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ sọ pé Palitoy ni ó ṣe é ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú àṣẹ Hasbro, ọdún 1964 sì wà lára rẹ̀. Ọdún yìí máa ń ṣi ọ̀pọ̀ ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lọ́nà. Ọdún 1964 ni Hasbro, ilé iṣẹ́ kan ní ìpínlẹ̀ Rhode Island ní Amẹ́ríkà, gbé G.I. Joe jáde, ọmọlangidi ológun tí wọ́n fi ṣe àwòkọ́ṣe Action Man, ẹ̀tọ́ tiwọn ni ọdún náà ń tọ́ka sí. Action Man fúnra rẹ̀ kò dé orí àtẹ títí di ọdún 1966, nígbà tí Palitoy, tí ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Coalville ní agbègbè Leicestershire, bẹ̀rẹ̀ sí ṣe é, wọn kò sì ṣíwọ́ títí di ọdún 1984. Àpá tí ó wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ pàápàá, ọ̀dọ̀ G.I. Joe ni ó ti wá: Hasbro fi í sí i kí a lè dá a mọ̀ láàárín ayédèrú, nítorí pé kò sí ilé iṣẹ́ tí ó lè sọ pé òun ni ó ni àwòrán ara ènìyàn. Àwa tí a bá àwọn àgbà tí ó kọlà gbé kò nílò àlàyé púpọ̀ lórí èyí.

Irun àti ọwọ́ ni ó sọ ọjọ́ orí rẹ̀ fún mi. Àwọn tí ó kọ́kọ́ jáde, ọ̀dà ni wọ́n fi ya irun sí wọn lórí. Ní ọdún 1970 ni Palitoy bẹ̀rẹ̀ sí lẹ irun wẹ́wẹ́ mọ́ wọn lórí, èyí tí ó dà bí aṣọ àrán bí a bá fọwọ́ pa á. Ọdún 1973 ni ọwọ́ rírọ̀ tí ó lè di nǹkan mú dé, nígbà tí ó sì di ọdún 1976, wọ́n fi ọ̀pá kékeré sí ẹ̀yìn orí láti máa fi yí ẹyinjú. Èyí tí mo rà ní irun bí àrán àti ọwọ́ rírọ̀, kò sì ní ọ̀pá kankan lẹ́yìn orí. Síbẹ̀, ẹni tí ó ti ní in tẹ́lẹ̀ lè ti gbé orí ọ̀kan lé ara òmíràn, nítorí náà mo gbé orí àti àyà sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn lójú fèrèsé, mo sì rí i pé àwọ̀ wọn bára mu. Mo gbà pé àárín ọdún 1973 sí 1976 ni wọ́n ṣe é.

Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, ọṣẹ díẹ̀ àti búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín ni mo fi fọ ike rẹ̀. N kò jẹ́ kí omi kan irun, nítorí pé ó máa ń ṣí kúrò. Àwọn irin kéékèèké tí ó so ìgbọ̀nwọ́ àti orúnkún ti ń dípẹtà, mo fi òwú tí mo tì bọ inú omi ọsàn wẹ́wẹ́ nù wọ́n, mo sì gbẹ wọ́n lójú ẹsẹ̀.

Ìdí rọ́bà gan-an ni iṣẹ́ náà wà. Inú ọmọlangidi yìí ṣófo, rọ́bà méjì ni ó sì so ó pọ̀: ọ̀kan gba inú àyà kọjá láti èjìká dé èjìká, èkejì sì ti ọrùn gba inú ikùn lọ sí ìbàdí, ó fa orí àti ẹsẹ̀ mọ́ra. Bí àwọn méjèèjì bá ti gbó, kò sí oríkèé tí yóò dúró. Ti èyí ti gbẹ, ó sì ń rún bí àkàrà gbígbẹ bí mo ṣe ń fi ẹ̀mú fà á jáde. Mo ra rọ́bà róbótó lọ́dọ̀ àwọn tí ń ta èlò télọ̀, mo tẹ orí wáyà tín-ín-rín kan bí ìwọ̀ ẹja, mo sì fi í fa rọ́bà náà gba inú àyà. Ní ìgbà àkọ́kọ́, mo gé e kúrú jù: apá méjèèjì nà gbọọrọ, wọ́n kọ̀ láti wálẹ̀, ẹ̀rù sì bà mí pé ihò èjìká lè là. Mo tú u, mo gé òmíràn tí ó fi díẹ̀ gùn ju ìyẹn lọ, ṣùgbọ́n ìdí kókó rẹ̀ yọ̀ lóru. Ìgbà kẹta ni ó tó gún. Ohun tí mo fi dán an wò ni pé kí apá dúró síbi tí mo bá gbé e dé, kí ó má sì ta padà bí ọrun.

Ọwọ́ ni ó gba sùúrù jù lọ. Ike rírọ̀ tí wọ́n fi ṣe é máa ń le bí ó bá ti pẹ́, ìka a sì já bí ẹni já ewé. Ọ̀kan nínú ìka ọwọ́ òsì ti lọ kí n tó rà á. Àwọn kan ń ta ọwọ́ tuntun, n kò sì bínú sí ẹni tí ó bá lò ó, ṣùgbọ́n ní tèmi, ọwọ́ tí ó bá a láti ilé iṣẹ́ wá ni mo fẹ́ kí ó gbé ìbọn rẹ̀. Mo rẹ àwọn ọwọ́ náà sínú omi gbígbóná títí wọ́n fi rọ̀, mo ki ìbọn bọ̀ ọ́ láì fipá tẹ ìka kankan, mo sì di í mú bẹ́ẹ̀ títí ó fi tutù.

Mo wọ aṣọ rẹ̀ fún un, mo sì kọ ọ́ sórí páálí kékeré tí mo fi sábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ pé rọ́bà méjèèjì jẹ́ tuntun, pé ìka kan kù, àti pé bí mo ṣe bá ìyókù ni mo ṣe fi í sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo pe bàbá mi lórí fóònù tí a fi ń rí ojú ara wa, mo sì gbé ọmọlangidi náà sí wọn lójú. Bàbá wò ó pẹ́, wọn kò sọ nǹkan kan. Nígbà tí wọn yóò sọ̀rọ̀, wọ́n ní ọwọ́ òsì rẹ̀ sún mọ́ àyà jù, pé iwájú ni FN ti wúwo, ibẹ̀ sì ni ọmọ ogun ti ń gbà á mọ́wọ́. Mo tún gbé omi kaná, mo rẹ ọwọ́ náà sínú rẹ̀, mo sì sún un síwájú.