Bí a ṣe ń dá imí-eṣú mọ̀ láàárín koríko

Ẹni tó bá ń fi àwọ̀ òdòdó nìkan wá imí-eṣú máa ṣìnà. Ó lè funfun, ó lè jọ aró tó ti ṣá. Ní Òṣogbo, etí gọ́tà, oko ẹ̀gẹ́ àti ilẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ro ni kí o ti wá a lẹ́yìn òjò àkọ́rọ̀. Má já ewé kankan nínú Igbó Ọ̀ṣun o. Igbó ọ̀wọ̀ ni, UNESCO sì ti kà á mọ́ ogún àgbáyé láti 2005.

Imí-eṣú sábà máa ń ga tó 30 sí 80 sẹ̀ǹtímítà, irun funfun sì wà lára rẹ̀. Ewé rẹ̀ ń yọ ní méjì méjì, wọ́n á kọjú síra wọn, etí wọn á rí bí eyín ayùn tí kò mú mọ́. Fi ìka rún ewé kan, kí o gbóòórùn rẹ̀: òórùn òbúkọ ni.

Akíntọ́lá, tí àwọn mìíràn ń pè ní ewé Awólọ́wọ̀, ló ń tan èèyàn jù. Nígbà tó bá ṣì kéré, òun náà ń yọ ewé méjì méjì, òórùn rẹ̀ náà sì le. Àmọ́ ṣóńṣó ni ẹnu ewé tirẹ̀, eyín etí rẹ̀ tóbi, kò sì pọ̀. Tó bá pẹ́, igi rẹ̀ á le gan-an. Imí-eṣú kì í lò ju ọdún kan lọ.

Èso ló ń parí ẹjọ́. Orí òdòdó imí-eṣú kò ju bíi 6 mìlímítà lọ ní fífẹ̀, síbẹ̀ òdòdó wẹ́wẹ́ bíi 60 sí 75 ló kún inú rẹ̀. Mú èyí tó ti gbẹ, fi èékánná tú u sórí bébà funfun. Èso dúdú tín-ín-rín, bíi 2 mìlímítà, á já bọ́. Fi awò tó ń sọ nǹkan di ńlá wo orí rẹ̀: ìpẹ́ funfun 5 tó ṣóńṣó lẹ́nu ni ti imí-eṣú. Bó bá jẹ́ irun púpọ̀ bí òwú lo rí, akíntọ́lá lo já. Má tú èyí tó ṣì tutù; èso inú rẹ̀ kò tíì dúdú, o ò ní rí nǹkan gidi kà.

Koríko tí wọ́n ń já fún ehoro kò nira láti yà sọ́tọ̀ kúrò lára imí-eṣú: òdòdó kan ṣoṣo lórí ọ̀pá gígùn, àárín rẹ̀ pọ́n bí ìyeyè.

Má se imí-eṣú jẹ. Ó ní oró tó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́. Ní Ethiopia, èso rẹ̀ tó dà pọ̀ mọ́ ọkà ti ṣe àwọn ará abúlé léṣe. Ẹni tó ń já ẹ̀bòlò nínú oko ni kó ṣọ́ra jù: ewé ẹ̀bòlò kì í yọ ní méjì méjì, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ń yọ.