Ara ọmọ le, àmọ́ calprotectin ẹ̀ ṣì ga: kí la fẹ́ ṣe sí i?

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́, ọmọ mi ní Crohn's (àrùn ọlọ́jọ́ pípẹ́ tó ń mú ìfun wú), ó ń lo oògùn ẹ̀ dáadáa, inú ò run ún mọ́, ó ń jẹun, ó ń sáré kiri, àmọ́ calprotectin tí wọ́n yẹ̀ wò nínú ìgbẹ́ ẹ̀ jáde ní 620. Àbí láàbù ló ṣàṣìṣe ni?

Ìdáhùn: Ó lè máà jẹ́ àṣìṣe o. Inú sẹ́ẹ̀lì funfun tó ń bá àrùn jà ni calprotectin ti ń wá, tí ìfun bá ti ń wú àwọn sẹ́ẹ̀lì yẹn á rọ́ lọ síbẹ̀, calprotectin wọn á wá bá ìgbẹ́ jáde, ìdí nìyẹn tó fi lè ti ga kí inú tó bẹ̀rẹ̀ sí í run ọmọ rárá. Ọmọ tó ti ju ọdún 4 lọ, kò yẹ kó kọjá 50 µg/g, tó bá wá ju 250 lọ lára ọmọ tó ti ní àrùn yìí tẹ́lẹ̀, dókítà á fura pé ìfun ṣì ń wú.

Àmọ́ ṣé ó lo ibuprofen láìpẹ́ yìí? Ṣé ó ya ìgbẹ́ gbuuru? Ìkankan nínú méjèèjì lè gbé e sókè. Ẹ sọ fún dókítà, kí wọ́n tún tẹ́ẹ̀sì náà ṣe, láàbù kan náà ni kẹ́ ẹ lò torí nọ́ńbà láàbù méjì kì í sábà bára mu. Tó bá tún ga, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má sọ pé ṣebí ara ẹ̀ le, ìfun tó ń wú ní bòńkẹ́lẹ́ lè má jẹ́ kí ọmọ ga bó ṣe yẹ, ọ̀nà inú ìfun sì lè há.

Ìbéèrè: Ulcerative colitis (àrùn ọlọ́jọ́ pípẹ́ tó ń dá egbò sínú ìfun ńlá) ni ọmọ tèmi ní. CRP ẹ̀ (èròjà inú ẹ̀jẹ̀ tó máa ń ga tí nǹkan bá ń wú nínú ara) ò ga, síbẹ̀ ó ń ya ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀. Èwo ni kí n gbà gbọ́?

Ìdáhùn: Ẹ̀jẹ̀ tẹ́ ẹ fojú rí yẹn ni o! Ẹ̀dọ̀ ló ń ṣe CRP, egbò ulcerative colitis sì sábà máa ń mọ sí awọ inú ìfun ńlá, nítorí náà CRP lè máà gbéra rárá. Ẹ ní kí dókítà ṣírò PUCAI (máàkì tó ń fi bí ulcerative colitis ọmọdé ṣe le tó hàn) fún un, kò gba abẹ́rẹ́ kankan, wọ́n á kàn bi yín nípa inú rírun, ẹ̀jẹ̀, bí ìgbẹ́ ṣe rí, ẹ̀ẹ̀melòó ló ń yà á lójúmọ́, ṣé ó ń jí yàgbẹ́ lóru, ṣé ó ṣì ń ṣeré. Látorí 0 dé 85 ni, tí ò bá tó 10 àrùn ti sinmi nìyẹn, tó bá dé 65 ó ti le gan-an, ọsibítù lẹ ń gbé e lọ lọ́jọ́ náà.

Ìbéèrè: ASCA, ìyẹn èròjà agbóguntàrùn (antibody) kan, ṣì wà nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ mi. Ṣé oògùn ò ṣiṣẹ́ ni?

Ìdáhùn: Rárá o. ASCA (Crohn's ló wọ́pọ̀ sí) àti pANCA (ulcerative colitis) kàn ń ran dókítà lọ́wọ́ láti mọ irú àrùn tó jẹ́ ni, wọn kì í bá ìwúfun lọ sókè sódò. Ẹ má wulẹ̀ máa náwó sí i léraléra. Calprotectin, albumin (purotéènì inú ẹ̀jẹ̀), iye ẹ̀jẹ̀ ara ẹ̀, ìwọ̀n àti gíga ọmọ lẹ máa tọ́jú sínú ìwé kan, kẹ́ ẹ máa mú un dání lọ bá dókítà, ẹ má sì dá oògùn dúró fúnra yín.