Bí mo ṣe pa mọ́tò oníbátìrì mi lẹ́nu mọ́

Àlòkù ni mọ́tò oníbátìrì tí mo rà ní Manchester níbí. Kí n tó wà á jáde lọ́gbà ẹni tó tà á ni mo ti jókòó sídìí síkírìnì rẹ̀. Àdírẹ́sì ilé ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, tòun ti orúkọ àwọn tó máa ń pè lórí fóònù. Ìyẹn ò tiẹ̀ bà mí lẹ́rù tó áàpù orí fóònù tí wọ́n fi ń darí mọ́tò náà. Bí onítọ̀hún ò bá tíì yọ mọ́tò náà kúrò lórí áàpù tirẹ̀, ó lè máa wo ibi tí mo bá gbé e sí, kó tiẹ̀ tún ṣí ilẹ̀kùn. Mo ní kí wọ́n pè é kó yọ ọ́ lójú mi, kí n tó san owó tó kù. Lẹ́yìn náà ni mo ṣe factory reset.

Ẹ má pè mí ní aláṣejù. Ní December 2024 ni ìròyìn jáde ní Jámánì pé dátà nǹkan bíi 800,000 mọ́tò oníbátìrì ti Volkswagen àtàwọn tó wà lábẹ́ rẹ̀ wà ní gbangba lórí íntánẹ́ẹ̀tì fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ẹni tó bá mọ ibi tí mọ́tò ń sùn mọ ibi tí olówó rẹ̀ ń sùn, ó mọ ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀, ó mọ ọsibítù rẹ̀.

Wọn ò kó ibi tí èèyàn ti lè dá dátà tí mọ́tò ń fi ránṣẹ́ dúró sójú kan. Mo pa díẹ̀ nínú mọ́tò, lábẹ́ Privacy, mo tún lọ bá ìyókù nínú áàpù. Ibi tí mo wà nìkan ni mi ò lè pa tán: bí máàpù ò bá mọ̀ pé ibi ìcháàjì ni mò ń lọ, kò ní mú bátìrì gbóná dè é, bátìrì tó tutù kì í sì í tètè gba iná. Mi ò fọwọ́ kan eCall o, ìyẹn ẹ̀rọ inú mọ́tò tó ń pe àwọn tó ń gbani là. Òfin Yúróòpù ní kò gbọdọ̀ máa tọpa èèyàn kiri. Àfi bí ìjàǹbá ńlá bá ṣẹlẹ̀, tàbí bí èèyàn bá tẹ bọ́tìnnì rẹ̀, ló máa pe 112, nọ́ńbà pàjáwìrì.

Sítíárì tó ń fà fúnra rẹ̀ kí mọ́tò má bàa tẹ ìlà ojú títì ló wá yọ mí lẹ́nu jù. Tọ̀tún tòsì ni wọ́n ń páàkì sí ládùúgbò wa. Mo yà díẹ̀ kí n lè fún ẹnì kan tó ń gun kẹ̀kẹ́ láyè, kámẹ́rà rí i pé mo ti tẹ ìlà àárín, ni sítíárì bá fà mí padà sápá ibi tí ọ̀gbẹ́ni yẹn wà. Àfìgbà tí mo fi agbára dì í mú. Bí èèyàn bá tan trafficator kó tó yà, kì í fà. Lójú títì márosẹ̀, mo gbádùn rẹ̀ gan-an. Ládùúgbò, mo ń pa á. Ṣùgbọ́n gbàrà tí mo bá tún tan mọ́tò, ó ti padà dé, òun àti agogo tó ń dún bí eré bá ti pọ̀ jù. Láti July 2024 ni irú ìkìlọ̀ eré bẹ́ẹ̀ ti di dandan lára gbogbo mọ́tò tuntun nínú ẹgbẹ́ Yúróòpù. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti kúrò nínú ẹgbẹ́ ní tiwọn, mọ́tò kan náà sì ni wọ́n ń tà fún wa. Bọ́tìnnì kan wà lára sítíárì tí èèyàn lè yan iṣẹ́ fún. Pípa àwọn méjèèjì ni mo yàn fún un.

Mo wá kọ ímeèlì sílé iṣẹ́ tó ṣe mọ́tò náà pé kí wọ́n fi gbogbo ohun tí wọ́n ní nípa mi ránṣẹ́. Ọ̀fẹ́ ni lábẹ́ òfin ibí, oṣù kan ni wọ́n sì ní láti fi dáhùn. Nígbà tí fáìlì dé, wákàtí tí mo ṣílẹ̀kùn wà níbẹ̀, ìgbà tí mo cháàjì wà níbẹ̀, àti iye iná tó kù nínú bátìrì nígbà kọ̀ọ̀kan. Mo ti kọ̀wé padà pé kí wọ́n pa ti ilẹ̀kùn rẹ́. Wọ́n láwọn ń yẹ̀ ẹ́ wò.