Fífi Jẹ́lé-ó-sinmi Ìjọba Wéra ní Ìgbèríko Georgia

Káúńtì (ẹ̀ka bí ìjọba ìbílẹ̀) 159 ni ó wà ní ìpínlẹ̀ Georgia ní Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó sì jẹ́ ìgbèríko tí jẹ́lé-ó-sinmi ìjọba kò ti pọ̀. Ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé irú ibẹ̀ lè rò pé kò sí ohun tí òun fẹ́ fi wéra. Ó wà, nítorí pé ibi tí owó ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan ti ń wá ni ó ń pinnu ọmọ tí wọ́n lè gbà àti wákàtí tí wọn yóò fi mójú tó o.

Owó lọ́tìrì ìpínlẹ̀ náà ni wọ́n fi ń ṣe Georgia's Pre-K, ìyẹn ètò jẹ́lé-ó-sinmi ti ìpínlẹ̀. Láti 1995 ni ó ti ṣí sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ fún ọmọ olówó àti ọmọ tálákà, bí ọmọ náà bá ṣáà ti pé ọdún mẹ́rin ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹsàn-án. Wákàtí mẹ́fà àbọ̀ lóòjọ́ ni ẹ̀kọ́ wọn, fún 180 ọjọ́ lọ́dún. Òbí tí iṣẹ́ rẹ̀ bá gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ ni yóò sanwó wákàtí tí ó kù. Head Start ní tirẹ̀, tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 1965, ń gba ọmọ ọdún mẹ́ta pẹ̀lú, ó ń bọ́ wọn, ó sì ń rí i pé wọ́n yẹ ojú àti eyín wọn wò, ṣùgbọ́n ìdílé tí owó tí ń wọlé fún wọn kò tó nǹkan ni wọ́n dìídì dá a sílẹ̀ fún.

Iye ọmọ tí ó wà nínú iyàrá kan ni mo kà sí jù. Ní Head Start, ọmọ ọdún mẹ́rin kò gbọdọ̀ ju 20 lọ nínú kíláàsì, ọmọ ọdún mẹ́ta kò sì gbọdọ̀ ju 17 lọ. Ní Pre-K, 22 ni òté rẹ̀ tẹ́lẹ̀, kí ìpínlẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í dín in kù sí 20 díẹ̀díẹ̀ láti 2024, nítorí náà ẹ béèrè èyí tí ó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ tí ẹ ń wò. Ìròyìn kò tó àfojúbà: ẹ lọ jókòó níbẹ̀ láàárọ̀. Ní ilé-ẹ̀kọ́ kan tí mo lọ, ńṣe ni àwọn ọmọ tò gbọọrọ sẹ́nu ọ̀nà ilé ìgbọ̀nsẹ̀, tí olùkọ́ sì ń pa wọ́n lẹ́nu mọ́. Ní èkejì, olùkọ́ kúnlẹ̀, ó ń bá ọmọdékùnrin kan so okùn bàtà rẹ̀, ó sì ń bi í léèrè àwọ̀ okùn náà. Nígbà tí ọmọ náà kò tètè dáhùn, ó dúró dè é. Ibẹ̀ ni mo mú, bí ó tilẹ̀ jìnnà sí ilé wa jù.

Ní ti ọ̀nà jíjìn, ẹ má ṣe gbà pé bọ́ọ̀sì ilé-ẹ̀kọ́ tí ẹ ń rí lójú pópó ń gbé àwọn ọmọ kéékèèké. Ẹ béèrè, kí ẹ sì mọ ẹni tí yóò gba ọmọ sọ̀kalẹ̀.

Ìwé abẹ́rẹ́ àjẹsára tí ẹ mú ti Nàìjíríà bọ̀ nìkan kò tó. Dókítà tàbí ọ́fíìsì ìlera káúńtì ni yóò kọ ọ́ sínú Form 3231, Form 3300 sì wà fún àyẹ̀wò ojú, etí, eyín àti oúnjẹ. Bí àyè bá ti kún, ẹ jẹ́ kí orúkọ ọmọ wà lára àwọn tí ń dúró, nítorí pé àyè máa ń ṣí nígbà tí ìdílé kan bá kó kúrò lágbègbè náà.