Bí a ṣe ń kó ẹrù ẹni kúrò nínú áàpù kí wọ́n tó ti ilẹ̀kùn

Lọ́dún tó kọjá, àbúrò ìyá mi tó ń ta gàrí ní Kétu, nílẹ̀ Benin, gbé fóònù rẹ̀ wá bá mi. Ọ̀rọ̀ Faransé kún ojú rẹ̀ dẹ́nu, bọ́tìnnì kan sì wà nísàlẹ̀ tí wọ́n kọ "Accepter" sí.

"Ọmọ mi, bá mi tẹ̀ ẹ́ kó lọ, ó ti ń dí mi lọ́wọ́ láti àárọ̀."

Mo ní, "Màmá, ẹ jẹ́ n kà á ná."

Áàpù tó fi ń kọ gbèsè àwọn oníbàárà rẹ̀ ló fẹ́ kógbá sílé. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló kù, gbèsè ọdún méjì sì wà nínú rẹ̀.

Irú èyí kì í ṣe ohun tuntun. Skype tí ọ̀pọ̀ ará Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) fi ń bá ọmọ wọn ní Faransé sọ̀rọ̀ nígbà kan, Microsoft kéde ní ọjọ́ 28 oṣù kejì 2025 pé àwọn máa tì í, ó sì di títì ní ọjọ́ 5 oṣù karùn-ún. Ìjọba pẹ̀lú máa ń yí nǹkan padà. Ní oṣù kẹsàn-án 2018, wọ́n gbé owó-orí sẹ́fà márùn-ún lé mẹ́gà dátà kọ̀ọ̀kan tí a bá lò lórí WhatsApp àti Facebook nílẹ̀ Benin. Àwọn ènìyàn pariwo, wọ́n sì fagi lé e láàárín ọjọ́ díẹ̀. Àní okùn tí a fi ń gba iná sí iPhone, òfin ilẹ̀ Yúróòpù wà lára ohun tó yí ẹnu rẹ̀ padà. Ta ló bi wá ní Kétu?

Nítorí náà, ẹ bẹ̀rẹ̀ báyìí.

Kíkà ni àkọ́kọ́. Ẹ má tẹ bọ́tìnnì kankan kí ẹ tó wá ọjọ́ tí wọ́n dá nínú ìkìlọ̀ náà. Bí Faransé bá ṣòro, ẹ jẹ́ kí ọmọ iléèwé kà á fún yín. Ẹ kọ ọjọ́ náà sára ògiri.

Lẹ́yìn náà, ẹ mú ìwé àti bírò, kí ẹ kọ ibi tí ẹrù yín wà: fọ́tò, nọ́ńbà àwọn ènìyàn, ohùn tí wọ́n fi ránṣẹ́, àkọsílẹ̀ òwò. Èyí kò gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ.

WhatsApp ló gba sùúrù jù, torí ìjíròrò kọ̀ọ̀kan ni a ń kó lọ́tọ̀. Lórí fóònù Android, ẹ ṣí ìjíròrò náà, ẹ tẹ àmì kékeré mẹ́ta tó tò léra wọn lókè lọ́wọ́ ọ̀tún, ẹ tẹ "Plus", kí ẹ wá tẹ "Exporter discussion". Ó máa bi yín bóyá ẹ fẹ́ fọ́tò àti ohùn mọ́ ọn, àbí ọ̀rọ̀ nìkan. Bí ẹ bá fi fọ́tò àti ohùn mọ́ ọn, 10,000 ọ̀rọ̀ tó kẹ́yìn ló máa kó. Bí ọ̀rọ̀ nìkan ni, 40,000. Ẹni tó bá ní ìjíròrò gígùn lè kó o lẹ́ẹ̀mejì, lọ́nà méjèèjì. Ohun tí ẹ máa rí ni ìwé ọ̀rọ̀ lásán, tí ọjọ́, wákàtí àti orúkọ wà níwájú ìlà kọ̀ọ̀kan, èyí tí kọ̀ǹpútà yòówù lè ṣí. Àmọ́ láti 2025 ni wọ́n ti fi ààbò kan kún un tí ẹlòmíràn nínú ìjíròrò lè tàn láti dí yín lọ́wọ́ kíkó. Bó bá kọ̀, ẹ bẹ onítọ̀hún kó pa á ná.

Ti Google rọrùn. Ẹ lọ sí takeout.google.com, ẹ yan ohun tí ẹ fẹ́, wọ́n á fi ìjápọ̀ ránṣẹ́ sí ímeèlì yín. Ìjápọ̀ náà kì í pẹ́ kó tó kú, ẹ tètè gbà á. Ẹ lo Wi-Fi, torí ó ń jẹ mẹ́gà bí eṣú.

Ibi méjì ni kí ẹ tọ́jú ẹrù náà sí: klé kan, èyí tí àwọn ará Èkó ń pè ní fláàṣì, àti fóònù tàbí kọ̀ǹpútà mìíràn. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Kí ẹ sì ṣí i wò! Mo ti rí ẹni tó gbé klé òfìfo pamọ́ fún oṣù mẹ́fà.

Bí ilé iṣẹ́ bá kọ̀ láti fún yín ní ohun yín ńkọ́? Òfin ilẹ̀ Benin 2017-20 ti ọjọ́ 20 oṣù kẹrin 2018, tí a ń pè ní Code du numérique, fún yín ní ẹ̀tọ́ láti mọ ohun tí wọ́n ní nípa yín, láti tún un ṣe, láti ní kí wọ́n pa á rẹ́. Ẹ kọ lẹ́tà: orúkọ yín, nọ́ńbà tí ẹ fi ṣí i, ohun tí ẹ ń fẹ́, àti ọjọ́. Ẹ mú ẹ̀dà kan dání. Bí wọn kò bá fèsì, APDP, àjọ tó ń dáàbò bo ìsọfúnni àwọn ènìyàn, tó wà ní Kùtọnù ni ẹ máa gbé e lọ. Ṣùgbọ́n ẹ má retí kí lẹ́tà ṣáájú klé. Ẹsẹ̀ òfin wúwo, àgàgà bí ilé iṣẹ́ náà bá wà lókè òkun.

Áàpù ti àbúrò ìyá mi kò ní bọ́tìnnì kíkó kankan. Fọ́tò ojú fóònù ni a yà, a tẹ bọ́tìnnì títàn àti ti ìrẹ̀sílẹ̀ ohùn pa pọ̀, lójú ewé kọ̀ọ̀kan. Ó gbà wá ní ọ̀sán méjì. Ó ń ka orúkọ, mo ń kọ ọ́ sínú ìwé, títí a fi dé orí ẹnì kan tó jẹ ẹ́ ní 12,000 sẹ́fà láti ọdún tó ṣáájú, tí òun fúnra rẹ̀ ti gbàgbé. Ó dákẹ́. Ó bọ bàtà rẹ̀, ó tún gèlè wé, ó ní kí n dúró de òun, òun ń bọ̀.